Odi Tí Wọ́n Ní Kí Kóòṣì Mọ Yí Ìpínlẹ̀ Ká

Inú oṣù Kejìlá ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tó ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n máa ń gbé mọ́ àyà sáré, ń buwọ́ lùwé pé yunifásítì báyìí làwọn ń lọ. Bí àsìkò yẹn bá ti dé, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn alátìlẹ́yìn, láti Lincoln ní Nebraska títí dé Baton Rouge ní Louisiana: kí kóòṣì mọ odi yí ìpínlẹ̀ wa ká, kí ọmọ wa kankan má bọ́ sọ́wọ́ àwọn tá a jọ ń figagbága. Wọ́n gbà pé ọmọ ìpínlẹ̀ ló ń fi tọkàntọkàn gbá bọ́ọ̀lù, pé òkìkí ló gbé ọmọ ìta wá, pé ọmọ ilé ló sì ń gba ife-ẹ̀yẹ. Àwọn òbí Yorùbá ní Houston, ní Atlanta àti ní Maryland, tí ọmọ tiwọn náà ń gbá bọ́ọ̀lù yìí, ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Kì í ṣe òótọ́ o, ó sì yẹ ká tú u wò, torí ọ̀rọ̀ ìgbésí ayé ọmọ ni.

Miami làwọn tó gba odi gbọ́ máa ń tọ́ka sí jù, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1979 ni Howard Schnellenberger di kóòṣì Yunifásítì Miami. Ó fa ìlà yí gúúsù Florida ká, ó sọ ibẹ̀ ní "State of Miami", ó ní àwọn ọmọ inú ìlà yẹn lòun máa kọ́kọ́ wá. Ó wá wọn lóòótọ́, ó sì rí wọn. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní 1984, wọ́n fi 31 sí 30 na Nebraska nínú Orange Bowl, wọ́n sì fi ìyẹn gba ife-ẹ̀yẹ ọdún 1983. Àwọn ọmọ Miami bíi Alonzo Highsmith wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni quarterback, ẹni tí gbogbo eré ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá? Bernie Kosar ni, ọmọ Ohio. Nígbà tí wọ́n tún gba ife lọ́dún 1987, Steve Walsh ló wà nípò yẹn, ọmọ Minnesota. Ti 1989 ló kan ọmọ Florida, Craig Erickson. Lọ́dún 1991, Gino Torretta láti California. Lọ́dún 2001, Ken Dorsey, California náà. Ife márùn-ún, quarterback márùn-ún, ẹyọ kan ṣoṣo ló jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀. Níbi tí wọ́n ti fi odi ṣe àwòkọ́ṣe gan-an nìyẹn.

Alabama wá ńkọ́, níbi tí bọ́ọ̀lù yìí ti wọ àwọn èèyàn lára ju oúnjẹ lọ? Nígbà tí Nick Saban jẹ́ kóòṣì níbẹ̀, agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ mẹ́rin ló gba Heisman, àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó ta yọ jù lọ́dún: Mark Ingram láti Flint ní Michigan, Derrick Henry láti Yulee ní Florida, DeVonta Smith láti Amite ní Louisiana, àti Bryce Young láti California. Kò sí ọmọ Alabama kankan nínú wọn.

Ẹni tó bá ní ọmọ ìta kì í fi ọkàn gbá bọ́ọ̀lù, kó lọ wo ìparí ìdíje ọjọ́ kẹjọ oṣù Kìíní 2018, Alabama pẹ̀lú Georgia. Nígbà ìsinmi àárín eré, Georgia ti fi 13 sí òdo ṣíwájú. Saban yọ quarterback rẹ̀, Jalen Hurts, ọmọ Texas, ó fi Tua Tagovailoa sí i, ọmọ Hawaii tí kò tíì lo ọdún kan pé ní yunifásítì. Eré di ọgbọọgba, ó wọ àfikún àsìkò, Georgia tún gba ayò mẹ́ta. Bọ́ọ̀lù kàn Alabama. Kíá ni wọ́n gbé Tagovailoa ṣánlẹ̀, ó pàdánù yáàdì 16. Gbogbo èèyàn rò pé ó ti tán. Èyí tó tẹ̀ lé e ló jù gba apá òsì, yáàdì 41, tààrà sọ́wọ́ DeVonta Smith. 26 sí 23. Ọmọ Hawaii ló jù ú, ọmọ Louisiana ló gbà á, gbogbo Alabama sì ń jó.

Ní LSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana, nọ́ńbà 18 ara aṣọ kì í ṣe nọ́ńbà lásán. Wọ́n máa ń fún ẹni tí ìwà rẹ̀ àti ìfarajìn rẹ̀ hàn sí gbogbo ẹgbẹ́. Ọ̀dọ̀ Matt Mauck ni àṣà yẹn ti bẹ̀rẹ̀, quarterback tó gba ife lọ́dún 2003, ọmọ Indiana sì ni. Lọ́dún 2022, BJ Ojulari ló wọ̀ ọ́. Ẹ ti gbọ́ orúkọ yẹn, ọmọ wa ni. Marietta ní Georgia ló ti wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Azeez, dúró nílé, ó lọ sí Yunifásítì Georgia. BJ lọ sí Louisiana. Ìpele kejì ni NFL, líìgì àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí gbowó, ti mú Azeez lọ́dún 2021, ìpele kejì náà ni wọ́n ti mú BJ lọ́dún 2023. Ilé kan náà, ilé-ẹ̀kọ́ girama kan náà, ọ̀nà méjì.

Ibì kan wà tí ìgbàgbọ́ yìí fi jọ òótọ́. Texas ní èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 29 nínú ìkànìyàn 2020, Nebraska kò tó mílíọ̀nù méjì. Kóòṣì tó wà ní Texas tó ń mú ọmọ Texas kò mọ odi kankan. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ni. Tom Osborne, kóòṣì Nebraska nígbà náà, kò ní irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ó lo àwọn ọmọ oko ìpínlẹ̀ rẹ̀ dáadáa, mi ò ní bù wọ́n kù, ṣùgbọ́n quarterback rẹ̀, Tommie Frazier, ọmọ Florida, ló darí ẹgbẹ́ náà gba ife 1994 àti 1995. Scott Frost tó jẹ́ ọmọ Nebraska gangan, tó gba ti 1997, Stanford ló kọ́kọ́ sá lọ kó tó padà wálé.

Ààlà ìpínlẹ̀ gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ bí ibì kan ṣe jìn tó. Odò Chattahoochee nìkan ló pààlà láàárín Columbus ní Georgia àti Phenix City ní Alabama. Ọmọ Columbus kò ní lò tó wákàtí kan kó tó dé Yunifásítì Auburn ní Alabama, àmọ́ bíi wákàtí mẹ́ta ni sí Athens, níbi tí Yunifásítì Georgia wà ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Èwo nínú méjèèjì ni ilé?

Ní ti owó, ẹni tó bá gba ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tó pé kò ní san owó àfikún tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ìta. Ẹ̀ka eré ìdárayá ló ń gbé e. Ẹni tó lọ láìní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ló máa mọ̀ ọ́n lára, fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ tirẹ̀ sàn jù lóòótọ́.

Nítorí náà, bí kóòṣì ìpínlẹ̀ yín bá wá jókòó sí pálọ̀ yín, tó ní ọmọ ilé ni ọmọ yín, àwọn ò ní fi ṣeré, ẹ gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé èèyàn mélòó ló ti wà ní ipò tí ọmọ yín ń gbá, ọdún mélòó ló kù fún wọn, ta ló sì máa kọ́ ọmọ náà bí òun kóòṣì bá rí iṣẹ́ síbòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun kan náà ni kẹ́ ẹ bi kóòṣì tó bá wọ ọkọ̀ òfuurufú wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn.