Àgbà Tó Jẹ Àjẹìwẹ̀yìn

Ó ti wá di orin lẹ́nu àwa ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ní Ìkòròdú pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò fẹ́ kọ́ṣẹ́ mọ́. Bí a bá ti pé jọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, káfíńtà yóò dá a, télọ̀ yóò gbè é, ẹnikẹ́ni kò sì ní béèrè ohun tí ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa rí mú lọ. Àwọn baba wa ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ó jẹun tán láìṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọmọdé, ọmọdé bá tirẹ̀ lọ, ẹrù wá ku ti ẹni tó jẹun.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é. Òbí ọmọ yóò san owó ìkọ́ṣẹ́, ọmọ yóò máa gbá ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, yóò máa pọnmi fún ìyàwó ọ̀gá, kí ó tó fọwọ́ kan irinṣẹ́ rárá. Nígbà tí ọdún rẹ̀ bá pé, òun náà ni yóò tún san owó fíríìdọ̀ọ̀mù, tí yóò ra ọtí àti oúnjẹ, tí yóò sì dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Láàárín àwọn oníṣòwò Ìgbò ní Aláàbà, ọ̀gá ni ó ń fún ọmọ ní owó àti ọjà tí yóò fi dá dúró lẹ́yìn tí ó bá ti sìn ín tó iye ọdún tí wọ́n jọ fẹnu kò sí. Ètò tiwọn náà lábùkù, nítorí ọ̀gá mìíràn a máa purọ́ olè mọ́ ọmọ nígbà tí ọjọ́ ìdásílẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ọmọ mọ ohun tí òun ń retí.

Káfíńtà kan wà ní Ìgbógbó tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó já fáfá jù lọ bẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn fíríìdọ̀ọ̀mù, pé kí ó jẹ́ kí òun máa fi ẹ̀rọ rẹ̀ fá pákó, òun yóò máa san owó. Ọ̀gá ní aláìmoore ni. Ọmọ kó lọ sí Ṣágámù. Nígbà tí iṣẹ́ ilẹ̀kùn ńlá kan bọ́ sí ọ̀gá lọ́wọ́, ó ránṣẹ́ pè é pẹ̀lú owó ìlọ́po méjì, ọmọ sì dáhùn tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ, tí ó di ₦70,000 ní 2024, kò de ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, ọ̀pọ̀ nínú wa sì rò pé òfin ti fún wa láyè láti má san nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ní ibòmíràn tí yóò lọ. Ní 2022 tí ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan, kò kan Ìkòròdú. Nítorí náà, ọmọ tí ebi ń pa ní ṣọ́ọ̀bù yín mọ ohun tí yóò gùn, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Òdogunyàn sì ń pè é.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ yé gba owó lọ́wọ́ ọmọ tó ti sìn yín. Ẹ máa fún un ní owó oúnjẹ láti oṣù àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ tí yóò bá lọ, ẹ fún un ní irinṣẹ́, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí nìkan. Ẹ má sì wí fún mi pé owó kò sí, nítorí gbogbo wa la jọ wà níbi ìnáwó tí ẹ ṣe lẹ́yìn Àjíǹde, a sì rí iye màlúù tó kú níbẹ̀.