Èsì wa fún ẹ̀gbọ́n tó fún wa ní ìràwọ̀ mẹ́ta

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi ni obìnrin tó jókòó nídìí owó ní Sọ́ńdè tó kọjá, tí ẹ gbọ́ tí mo ń fi Yorùbá bá ọmọ mi wí lórí fóònù, tí ẹ fi pariwo pé, "Háà! Ọmọ wa ló ni ibí?" Ọmọ yín ni lóòótọ́. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, Puebla ní Mẹ́síkò ni wọ́n bí ọkọ mi sí, Houston níbí la ti pàdé. Oúnjẹ ìlú rẹ̀ là ń tà torí òun àti ìyá rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n sè. Yorùbá lẹ fi kọ ẹ̀sùn yín, Yorùbá náà ni n ó fi dáhùn, kí àwọn ará wa tó wà ní agbègbè Bissonnet lè bá wa dá sí i.

Ẹ fún wa ní ìràwọ̀ 3 nínú 5, ẹ sì ka ẹ̀ṣẹ̀ wa fún wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní ọmọ tó ń gbé oúnjẹ kọ̀, kò fún yín ní bíà nígbà tí ẹ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ẹ ní nígbà tí bíà náà jàjà dé, ó ń rùn bíi pé ológbò tọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò lágbára ju omi lọ. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbẹ. Ata kò ta. Tortilla, ìyẹn àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ tí a fi ń di ẹran, kéré, ó ń rùn bíi káún, a sì fi méjì lé ara wọn kó lè dà bíi pé ó pọ̀. Ẹ wá ní ọbẹ̀ ṣàkì àti bíà oníyọ̀ nìkan ló gbà wá là. Ọkọ mi ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún gbogbo ilé. Nígbà tí mo dé ibi ológbò, ó ní kí n dákẹ́ ná, kí n jẹ́ kí ìyá òun wọ yàrá.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti bíà àárọ̀ kúrò nílẹ̀. Aago 10:40 lẹ wọlé, mo rí i lórí rìsíìtì yín. Òfin Texas ni pé láàárọ̀ Sọ́ńdè, láti aago 10 títí di aago 12 ọ̀sán, ilé oúnjẹ bíi tiwa kò gbọdọ̀ gbé ọtí fún oníbàárà àfi kí oúnjẹ bá a rìn. Tó bá ti kọjá aago 12, ẹ lè fi inú òfìfo mu ún. Ìwé àṣẹ ọtí tó wà lára ògiri yẹn, tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ wa, ká kúkú ti ilẹ̀kùn pa. Ohun tí ọmọ náà ṣe tọ́. Bó ṣe ṣe é ni kò dáa. Ó yẹ kó ṣàlàyé fún àgbà, kì í ṣe kó sọ pé "oúnjẹ kọ́kọ́" kó sì yí ẹ̀yìn padà. Ọjọ́ kẹrin rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Mo ti bá a sọ̀rọ̀, ó sì ní kí n bá òun bẹ "el señor tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé."

Òórùn bíà ńkọ́? Ẹ̀bi wa ni, pátápátá. Òdòdó kíkorò kan wà tí wọ́n fi ń se bíà, hops ni wọ́n ń pè é. Bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá ti kàn án nínú ìgò, ohun kan nínú rẹ̀ á bàjẹ́, òórùn tí ẹ sọ yẹn gan-an lá sì jáde. Ìgò tó dúdú díẹ̀ máa ń ṣíji bò ó, ìgò funfun tó mọ́ gaara kò lè ṣe é. Àwa la to páálí bíà onígò funfun sí ẹ̀bá fèrèsé tí oòrùn àárọ̀ ń gbà wọlé, láti ọjọ́ Fúráídè. Ọwọ́ mi ni mo fi kó gbogbo rẹ̀ kúrò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì da èyí tó kù nù. Àwọn kan máa ń rò pé kí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i ni oògùn rẹ̀. Irọ́ ni. Ọsàn wà fún adùn, kì í wo bíà tó ti bàjẹ́ sàn.

Ti pé bíà Mẹ́síkò dà bí omi, mo mọ̀ pé sítáòtù lẹ ń mu nílé, ó hàn lójú yín. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ béèrè Negra Modelo, bíà Mẹ́síkò kan tó dúdú díẹ̀. Àwọn ará Jámánì àti Austria tó lọ gbé ní Mẹ́síkò láyé ọjọ́un ló kó ọgbọ́n bíà sísè lọ síbẹ̀, irú bíà pípọ́n kan tí wọ́n ń sè ní Vienna sì ráyè fìdí múlẹ̀ ní Mẹ́síkò nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa run ní Vienna fúnra rẹ̀. Ọmọ ìdílé yẹn ni Negra Modelo. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin, ó sì wúwo díẹ̀ lẹ́nu. Kì í ṣe sítáòtù o, ẹ má tún lọ kọ ọ́ pé mo tàn yín. Èyí tí ẹ fẹ́ràn, bíà tó ní ọsàn wẹ́wẹ́, ata àti iyọ̀ lẹ́nu ife, michelada lorúkọ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé, "Ta ló ń fi iyọ̀ sí bíà?" Ìwé owó yín sọ pé ẹ mu mẹ́ta.

Ẹran gbẹ lóòótọ́, mi ò sì ní purọ́ fún yín. Tacos al pastor, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísun tí a dì sínú tortilla, lẹ ní kí wọ́n gbé wá. Ẹran náà, orí irin gígùn kan tó dúró ṣánṣán là ń tò ó sí, tí iná á máa jó o lẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe ń yí. Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí: ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà sun shawarma l'Ékòó, kì í sì í ṣe èèṣì. Àwọn ará Lebanon àti agbègbè rẹ̀ tó ṣí wá sí Puebla ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún 20 ló gbé e dé. Àwọn ará Mẹ́síkò wá fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ rọ́pò àgùntàn, wọ́n fi ata gbígbẹ àti èso pupa kan tó ń jẹ́ achiote pa á láró, wọ́n sì fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó dé e lórí. Tó bá jinná dáadáa, ọkọ mi á fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹran náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú tortilla tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, á sì já orí ọ̀bẹ sí ọ̀pẹ̀ òyìnbó lókè, kó lè fò wá bọ́ sórí ẹran. Ó máa ń bọ́ síbẹ̀. Nígbà tó bá jábọ́ sílẹ̀, ọkọ mi á wojú mi, èmi á wo ibòmíì.

Ṣùgbọ́n aago 10:40 àárọ̀, iná irin yẹn kò tíì ju bí ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ìyókù ẹran alẹ́ àná ni a gbé sórí irin gbígbóná fún yín. Ó mọ́, kò ní nǹkan tó ṣe é, àmọ́ ó ti gbẹ, kò sì yẹ ká tà á ní iye kan náà. Láti ìsinsìnyí lọ, al pastor kì í bẹ̀rẹ̀ ní Sọ́ńdè àfi lẹ́yìn aago 12. Mo ti kọ ọ́ sára pátákó.

Ó wá ku ti tortilla. Ibí ni mo ti fẹ́ bá yín jiyàn, ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ògì ni ìyá mi ń tà n'Íṣẹ́yìn. Mo fi ọmọdé mọ àgbàdo: a ó rẹ ẹ́ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta títí omi á fi kan, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, eèrí á lọ fún ẹran ọ̀sìn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé ọkọ, tí ìyá rẹ̀ jí ní aago 4 ìdájí tí mo bá a tó ń fọ àgbàdo, inú mi dùn débi pé mo sáré wá asẹ́. Màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà kò gbọ́ Spanish nígbà náà. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n tì í bọ inú ìkòkò. Omi náà ń yọ̀ bíi omi ilá, ó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Wọ́n fi àtàǹpàkò mi pa ẹyọ àgbàdo kan mọ́ ìka, èèpo rẹ̀ sì bọ́ síta bíi ti ẹ̀wà tí a rẹ fún mọ́ínmọ́ín. Mi ò rí i kí èèpo àgbàdo bọ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Cal ló ṣe iṣẹ́ yẹn: ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń rí látara òkúta tí wọ́n sun. Wọ́n á fi díẹ̀ sí omi, wọ́n á se àgbàdo nínú rẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n á wá fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Òórùn tí ẹ pè ní káún, òun nìyẹn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ń ṣẹ́kù. Tí kò bá sí i, ìyẹ̀fun kò ní dìpọ̀, tortilla á fọ́ lọ́wọ́ yín. Ó sì ju ìyẹn lọ. Nígbà tí àwọn Òyìnbó kó àgbàdo lọ sí Yúróòpù, wọn kò kó ọgbọ́n cal dání. Àwọn tálákà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ nǹkan mìíràn ní Spain àti Italy wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àìsàn pellagra: awọ ara á máa bó, inú á máa ṣí, orí á sì dàrú. Ó pa ènìyàn púpọ̀ ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà tí a wà yìí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Fítámínì kan ló há sínú àgbàdo, cal ló ń tú u sílẹ̀ kí ara lè rí i lò. Àwọn ìyá ìyá Màmá ti ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ fítámínì.

Àwọn ló kúkú ni àgbàdo. Koríko kan ní Mẹ́síkò ni wọ́n sọ di àgbàdo, nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn. Ní ìpínlẹ̀ Puebla ti ọkọ mi, nínú ihò àpáta ní àfonífojì Tehuacán, wọ́n ti wú ṣùkù àgbàdo tó tó 5,000 ọdún, tí kò gùn tó ìka ọwọ́ yín. Ọdọ̀ tiwa, ẹ̀yìn ọdún 1500 ló tó wọ̀ ọ́, nígbà tí àwọn Potogí ń ná etíkun. Òwe wa kò fi bò: kí àgbàdo tó dáyé, nǹkan kan ni adìẹ ń jẹ. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, mi ò lè lọ sọ fún Màmá pé kí wọ́n yọ cal kúrò. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ológì kò láyà rẹ̀.

Àti pé, ẹ dárí jì mí, ọbẹ̀ ṣàkì tí ẹ yìn títí, menudo, tí ẹ ní ẹsẹ̀ màlúù inú rẹ̀ rọ̀ bíi ti ìyá yín: àwọn ẹyọ àgbàdo rọ̀bọ̀tọ̀ inú rẹ̀, tí ẹ fi wé ègbo, inú cal kan náà ni wọ́n ti jáde. Ẹ jẹ abọ́ méjì. Káún kò rùn sí yín.

Ti méjì-méjì, omi ẹran àti ata ló ń fà á. Ẹyọ kan á rọ̀, á ya, aṣọ yín á di aláró. Èyí tó wà lábẹ́ ń gba èyí tó wà lókè dúró, ẹran tó bá sì jábọ́, ẹ lè fi ìkejì kó o. Bó ṣe kéré náà ló ṣe yẹ kó kéré, ẹnu mẹ́ta sí mẹ́rin ni taco. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó fẹ̀, a ní ti àlìkámà, irú èyí tí wọ́n ń jẹ ní àríwá Mẹ́síkò àti ní Texas níbí. Ẹ kàn sọ ọ́ ni.

Ata? Èyí tó wà lórí tábìlì, ti àwọn àlejò ni. Ti ilé wà lẹ́yìn mi, nínú ìkòkò kékeré: habanero tí a sun pẹ̀lú àlùbọ́sà. Ọmọ ìyá ata rodo ni habanero, ẹ wò ó dáadáa, ojú kan náà ni wọ́n ní. Ẹ béèrè "ata Màmá," kí ẹ sì má bínú sí mi lẹ́yìn rẹ̀.

Owó ẹran gbígbẹ àti bíà tó rùn, mo ti dá a padà sórí káàdì yín láàárọ̀ yìí. A kì í ṣí ní Mọ́ńdè. Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan ni menudo ń wà, ó sì máa ń tán kí aago kan tó lù. Bí ẹ bá lè wá lálẹ́ Sátidé, irin á ti yí dé ibi tó yẹ, ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ń fò. Ìyàwó yín tó ní zobo wa dùn, ẹ bá mi sọ fún un pé zobo ni lóòótọ́, òdòdó kan náà, wọ́n kàn ń pè é ní jamaica ni. Mo ti fi ìgò kan pa mọ́ fún un.

A kò sin ológbò. Màmá kò fẹ́ràn wọn.