Òun ò mọ̀, ó ní

Nínú gbogbo orin ìfẹ́ táwọn Beatles, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ, "Something" ti George Harrison, onígìtá wọn, ló wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù. Inú àwo Abbey Road ló wà, September 1969. Kò síbi tí ọkùnrin yìí ti sọ fún obìnrin tó ń kọrin nípa rẹ̀ pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní nǹkan kan wà nínú ìrìn rẹ̀, nǹkan kan wà nínú ẹ̀rín rẹ̀, ẹnu ò sì gbà á láti dárúkọ rẹ̀. Wọ́n bi í bóyá ìfẹ́ rẹ̀ á máa pọ̀ sí i. Ó ní òun ò mọ̀. Ó tún un sọ.

Àwọn kan ní kò dá ara rẹ̀ lójú ni. Mi ò gbà rárá. Ẹ wo bí ẹsẹ orin náà ṣe bẹ̀rẹ̀: ẹ gbé jìtá, kẹ́ ẹ tẹ kọ́ọ̀dù C (kọ́ọ̀dù ni ohùn mélòó kan tó ń dún pọ̀). Ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò wà lórí okùn kejì, fret kìíní (fret ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn jìtá). Ẹ gbé e kúrò: okùn náà dún B, kọ́ọ̀dù Cmaj7 nìyẹn. Ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ fi ọmọńdinrín tẹ okùn kẹta ní fret kẹta: B♭, ó di C7. Ẹ bọ́ sórí kọ́ọ̀dù F, okùn kẹta yẹn ti sọ̀ sí A, fret kejì. Ohùn kan ṣoṣo ló ń yọ́ sọ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn tó kù, bí ọkàn ẹni tó ń rọ̀ láìfọhùn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba orin yìí jẹ́: wọ́n á fo Cmaj7, tàbí kí wọ́n máa gbá okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ débi pé ohùn yẹn á rì. Ẹ rọra já okùn yín, ẹ má sáré.

Sólò Harrison, ibi tí jìtá rẹ̀ ti ń dá kọrin, náà ò sáré. Ọjọ́ kan náà tí wọ́n gba ohùn àwọn onífáólíìnì sílẹ̀, 15 August, ló ta á.

Àmọ́ ibi ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ́tí sí. Gbólóhùn jìtá kékeré tó ṣí orin náà máa ń balẹ̀ sórí kọ́ọ̀dù C. Lẹ́yìn ẹsẹ kejì, ó ṣàdédé balẹ̀ sórí kọ́ọ̀dù A, ohùn ìpìlẹ̀ orin náà (key) yí padà, ìlù Ringo, onílù wọn, gbóná, ni ìbéèrè bá dé. Nígbà tí orin ń parí lọ, gbólóhùn yẹn tún kọ́kọ́ balẹ̀ sórí A, bí ẹni pé wọ́n tún fẹ́ bi í. Ó wá tún un ta lẹ́ẹ̀kan sí i, ó padà sílé, sórí C.