Èsì wa sí oníbàárà tí IRF540N rẹ̀ jóná lórí ẹ̀rọ tí ń jọ gààrí

Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó. A ti ka ohun tí ẹ kọ sábẹ́ ọjà wa, a sì ti fara balẹ̀ wo àwòrán tí ẹ so mọ́ ọn. Ẹ ní ayédèrú ni IRF540N mẹ́ta (tiransísítọ̀ tí ń tan iná mọ́tò, tí ó sì ń pa á) tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí pé áńpìà 33 ni a kọ sí ojú ìwé ọjà náà, mọ́tò fóólìtì 12 tí ẹ fi ń mi ajọ̀ yín ní Òdògbólú kò sì fà ju áńpìà 8 lọ, síbẹ̀ ọ̀kan nínú wọn rú èéfín kí ẹ tó jọ pákí àkọ́kọ́ tán. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ fún wa. A kò bá yín jà lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n a kò lè gbà pé ayédèrú ni, a sì ń dáhùn ní gbangba nítorí àwọn mìíràn tí wọ́n ń kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Nọ́ńbà 33 yẹn kì í ṣe irọ́, àmọ́ ó ní àdéhùn tirẹ̀. Ìwé àlàyé tí àwọn tó ṣe tiransísítọ̀ náà kọ sọ pé fóólìtì 10 gbọ́dọ̀ wà lórí gate (ẹsẹ̀ tí ń pàṣẹ fún un láti tan iná tàbí pa á), kí ara rẹ̀ sì wà ní ìwọ̀n Celsius 25, kí ó tó lè gbé iye yẹn. Ẹsẹ̀ Arduino Uno yín, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré tí ń darí mọ́tò, kò lè fún gate ní ju fóólìtì 5 lọ. Ohun tí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ni ìlà kan nínú ìwé náà tí ó ní gate ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín fóólìtì 2 sí 4; wọ́n á ní, 5 ṣáà ju 4 lọ. Ó jù ú lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná tí wọ́n fi wọn ìlà yẹn kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin mílíáńpìà kan lọ, èyí tí kò tó yí mọ́tò ìṣeré ọmọdé. Tiransísítọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lajú ni níbẹ̀, kò tíì dìde.

A mú òmíràn nínú páálí tí tiyín ti jáde, a sì jẹ́ kí áńpìà 5 gba inú rẹ̀ kọjá. Nígbà tí gate wà ní fóólìtì 12, ohun tí mítà kà láàárín drain àti source (ẹsẹ̀ méjì tí iná mọ́tò ń gbà kọjá) kò tó fóólìtì 0.2, nígbà tí a dá gate padà sí 5, ó ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, ara rẹ̀ sì gbóná débi pé ìka kò ṣeé gbé lé e mọ́. Ayédèrú wà lọ́jà, a kò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n kì í sábà yege nínú àyẹ̀wò fóólìtì 12 yẹn.

Ooru gan-an ni ó pa á. Ká tilẹ̀ ní gate rí fóólìtì 10 gbà, ìdènà inú IRF540N lè tó mílíóòmù 44, ìyẹn óòmù 0.044. Ẹ sọ 8 di púpọ̀ lọ́nà 8, kí ẹ tún fi 0.044 sọ ọ́ di púpọ̀, wáàtì 2.8 ni yóò fún yín. Tiransísítọ̀ tí ó ní irú ara yìí, tí kò sì ní heatsink (irin tí ń fa ooru kúrò) lẹ́yìn, máa ń fi nǹkan bí ìwọ̀n 62 gbóná sí i lórí wáàtì kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó jẹ́ 174 lórí ooru tó ti wà nínú ilé gààrí tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ 175 ni inú rẹ̀ lè fara dà mọ. Nínú àwòrán yín, ó dúró gbọnrangandan lórí breadboard (pátákó oníhò tí a kàn ń ki ẹsẹ̀ nǹkan bọ̀) láìsí irin kankan lẹ́yìn rẹ̀, ike ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti yọ́. Breadboard fúnra rẹ̀ kò yẹ fún ju nǹkan bí áńpìà kan lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ pátákó, kí ẹ sì lo wáyà tó nípọn.

Áńpìà 8 tí ẹ kà yẹn pàápàá, ìgbà tí mọ́tò ti ń yí geere ni. Kí ó tó gbéra, tàbí nígbà tí ìṣù pákí tí a kò fún omi inú rẹ̀ tán bá há a, kò sí ohun tí ń dá iná dúró bí kò ṣe ìdènà wáyà inú mọ́tò. Bí ìdènà yẹn bá jẹ́ óòmù 0.3, áńpìà 40 ni bátìrì yóò rọ́ lù ú. Iye yẹn ni kí ẹ máa wò bí ẹ bá ń yan tiransísítọ̀, kí ẹ sì fi fíúsì áńpìà 15 sí ojú bátìrì.

Tiransísítọ̀ tí ó bá Arduino yín mu ni IRLZ44N. Ìwé tirẹ̀ sọ ìdènà rẹ̀ ní fóólìtì 5 ní pàtó, mílíóòmù 25, tí ó jẹ́ wáàtì 1.6 lórí áńpìà 8. Heatsink ṣì pọn dandan. Ẹ fi rẹsísítọ̀ óòmù 220 sáàárín ẹsẹ̀ Arduino àti gate, kí ẹ sì fi ti óòmù 10,000 so gate mọ́ ilẹ̀ (ẹsẹ̀ òdì bátìrì), nítorí pé nígbà tí Arduino bá ń jí lọ́wọ́, kò tíì di gate mú, mọ́tò sì lè gbéra nígbà tí ọwọ́ ẹnìkan ṣì wà nínú ajọ̀. A kò rí dáyóòdù kankan (èyí tí ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) lórí mọ́tò yín. Láìsí i, nígbàkúùgbà tí tiransísítọ̀ bá pa iná, wáyà inú mọ́tò yóò ta fóólìtì ńlá padà sí i lára. 1N4007 tí gbogbo ènìyàn ń rà kò gbé ju áńpìà kan lọ, ó sì lọ́ra. MBR1045 ni kí ẹ lò, kí ẹsẹ̀ cathode rẹ̀, èyí tí ó so mọ́ irin ẹ̀yìn rẹ̀, kọjú sí ẹsẹ̀ rere bátìrì.

A kò lè dá owó èyí tó ti jóná padà, ṣùgbọ́n ẹ kó méjì tí ẹ kò tíì lò wá, a ó fi IRLZ44N pààrọ̀ wọn, kí ẹ san ìyàtọ̀ owó nìkan. Bí ẹ bá sì ń fi ESP32, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré mìíràn, rọ́pò Arduino bí ẹ ti mẹ́nu bà á, ẹ sọ fún wa ṣáájú: fóólìtì 3.3 ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fúnni, ìwé IRLZ44N kò sì ṣèlérí ìdènà kankan nísàlẹ̀ 4, nítorí náà a ó fi TC4427, ṣíípù tí ń ti gate, kún un, kí ó máa gba fóólìtì 12 láti ara bátìrì fún gate.