Ẹni tó dúró de ọkọ̀ létí odò, òun lẹ ní ó ṣàwárí odò

Àárọ̀ Sátidé tó kọjá ni mo ń fọ mọ́tò, rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Olóòtú ètò bèèrè pé, "Ta ló ṣàwárí odò Ọya?" Ẹni tó pè wọlé kò jẹ́ kó sọ ọ́ délẹ̀: "Mungo Park!" Ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́, wọ́n fi káàdì fóònù ta á lọ́rẹ. Mo ju kànìnkànìn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìdáhùn yìí kan náà ni wọ́n ní ká há sórí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èmi náà gba máàkì lórí rẹ̀, àwọn ọmọ wa sì tún ń gbà á. Ó ti sú mi.

Mi ò ní fi ìtàn àtẹnudẹ́nu bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ìwé tí Mungo Park, òyìnbó arìnrìn-àjò láti Scotland, fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1799, ti tó. July 1796 ló dé Ségou nílẹ̀ Bambara, tó wà ní Mali lónìí. Kí ló bá níbẹ̀? Ìlú mẹ́rin tó para pọ̀ di ọ̀kan, tí òun fúnra rẹ̀ fojú bù pé nǹkan bí 30,000 èèyàn ń gbé. Ó bá ọkọ̀ tó ń gbé èrò sọdá, igi ńlá méjì tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n sì fi ìdí so mọ́ra. Ó rí ọ̀kan tó gbé ẹṣin mẹ́rin pẹ̀lú èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó ẹyọ mẹ́wàá ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san, ọba ló ń gbà á, ó sì ń rí owó gidi níbẹ̀. Èrò pọ̀ létí odò débi pé Park jókòó ju wákàtí méjì lọ, kò rí ọkọ̀ wọ̀. Kó tó kàn án, àwọn tó ti sọdá ti lọ sọ fún ọba Mansong pé òyìnbó kan wà lódì kejì. Ọba ní kó má ṣe sọdá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Odò tó ní owó ọkọ̀, tó ní ọba tó ń gba owó náà, tí òyìnbó jókòó tì títí tí wọn ò fi gbé e sọdá, òun náà lẹ ní ó ṣàwárí!

Wọ́n ní kó lọ sùn sí abúlé kan nítòsí. Kò sẹ́ni tó gbà á sílé. Abẹ́ igi ló wà títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ebi ń pa á, kí obìnrin kan tó ń ti oko bọ̀ tó ṣàánú rẹ̀, tó gbé gàárì ẹṣin rẹ̀ wọlé, tó tẹ́ ẹní fún un, tó sì sun ẹja fún un jẹ. Nígbà tó yá, ọba fi 5,000 owó ẹyọ ránṣẹ́ sí i pé kó fi ra oúnjẹ, kó sì máa lọ. Ẹni tí wọ́n ní kó sin ín sọ́nà wá bi í pé, ṣé kò sí odò nílùú yín ni, àbí odò kan kò jọ èkejì? Park ló kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi.

Àwọn kan á ní "ṣàwárí" túmọ̀ sí pé ó jẹ́ kí ayé mọ̀ ọ́n. Ayé wo? Ibn Battuta, arìnrìn-àjò láti Morocco, ti wá sí Mali lọ́dún 1352, ó rí odò náà, ó kọ nípa rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rò pé odò Náílì ni. Àwọn tó rán Park níṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù pàápàá ti mọ orúkọ odò yìí kó tó wọ ọkọ̀, ibi tó ń ṣàn sí ni wọn ò mọ̀.

Ó dáa, mo gbà: ó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ìlà-oòrùn ló ń ṣàn sí, àríyànjiyàn ńlá nìyẹn sì ti jẹ́ láàrin àwọn òyìnbó. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n fún un.

Jẹ́bà ni mo ti lo ọdún mẹ́ta nígbà tí bàbá mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Edu ni àwọn apẹja Tapa ibẹ̀ ń pe odò náà, Kwara ni ti àwọn Hausa, Ọya ni tiwa. Ní Ségou, Joliba ni. Bàbá apẹja kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa bá tú àwọ̀n. Ọjọ́ kan ni mo bi í ní ìbéèrè tí tíṣà fún wa pé, Bàbá, ta ló ṣàwárí odò yìí? Ó dá ọwọ́ dúró. Ó ní, "Ta ló sọ ọ́ nù?"

Park tún padà wá lọ́dún 1805. Nínú òyìnbó 44 tó kúrò ní Gambia, márùn-ún péré ló kù láàyè nígbà tó máa wọ ọkọ̀ ní Sansanding. Ọkọ̀ náà gan-an, Joliba ló sọ ọ́. Kò sì dé òkun. Bùsà, létí odò náà ní Nàìjíríà òní, ló kú sí lọ́dún 1806.

Àwọn òyìnbó tó wá rí ibi tí odò náà ti wọ òkun ni Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀. Wọ́n gba Àgbádárìgì wọlé lọ́dún 1830, wọ́n la ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Bùsà, wọ́n sì wọ ọkọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Lọ́nà ni àwọn kan ti mú wọn lẹ́rú, wọ́n kó wọn dé ọ̀dọ̀ Obi, ọba ìlú Aboh. Ta ló rà wọ́n padà? Boy, ọmọ ọba Brass, ìlú kan ní ẹnu odò náà nítòsí òkun, tó ń ná ọjà epo ní Aboh, tó mọ ọ̀nà náà bí ẹní mọ ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀. Ó tù wọ́n dé etí òkun lórí àdéhùn pé wọ́n á san owó òun. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ọ̀gá ọkọ̀ òyìnbó tí wọ́n bá kọ̀, kò san kọ́bọ̀.

Lọ́dún 1886, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún Royal Niger Company níwèé àṣẹ lórí odò yẹn. Ilé-iṣẹ́ náà ka àwọn ará Brass sí àjèjì níbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sanwó kí wọ́n tó lè ná ọjà níbi tí Boy ti ń ná an. Ní January 1895, Ọba Koko ti Brass kó àwọn ọkọ̀ ogun lọ bá wọn ní Akassa, ibùdó ilé-iṣẹ́ náà.