Yíyí 72 sí 300 dpi kò tún bátànì tó ti fọ́ ṣe

"Ẹ yí i sí 300, á mọ́." Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sẹ́nu àwọn tó ń ya bátànì lórí kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń tẹ aṣọ àti flex náà sì ń sọ ọ́ fún oníbàárà bí ẹni júwe oògùn. Irọ́ ni. Iye pixel (ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) tí ẹ̀rọ máa tò sínú íǹṣì kan lórí aṣọ tàbí bébà ni nọ́ḿbà dpi yẹn ń sọ. Kò fi ẹyọ pixel kan kún àwòrán.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Àwòrán tó jẹ́ pixel 1080 níbùú, 1080 lóròó, ní pixel 1,166,400 nínú. Bó bá jẹ́ 72 ló wà lára rẹ̀, íǹṣì 15 ló máa gbà lórí bébà. Ẹ yí i sí 300, á sún kì di íǹṣì 3.6. Gàrí kóńgò kan tẹ́ ẹ sá sórí ẹní, tẹ́ ẹ wá kó jọ sínú abọ́, kóńgò kan náà ni. Ẹ dán an wò nínú GIMP, ètò tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà: ẹ lọ sí Image, ẹ yan Print Size, ẹ kọ 300 sí i. Àwòrán tó wà lójú kọ̀ǹpútà kò ní yí padà rárá. Ní Photoshop, ètò irú rẹ̀ mìíràn, ẹ ṣí Image Size, kí ẹ yọ àmì iwájú Resample (àṣẹ pé kí iye pixel yí padà) kúrò kí ẹ tó yí nọ́ḿbà náà. Ohun kan náà lẹ máa rí.

(72 yẹn gan-an, ojú kọ̀ǹpútà Macintosh ọdún 1984 ló ti wá: pixel 72 ló wà nínú íǹṣì kan níbẹ̀. Fóònù òde òní kì í bi nọ́ḿbà yẹn léèrè kó tó gbé àwòrán jáde.)

Bí ẹ bá wá fi àmì Resample sílẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni ìbàjẹ́ ti ń wọlé. Pixel 1080 á di 4500, gbogbo rẹ̀ á sì di 20,250,000. Nínú pixel 17, bíi 16 ni kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ fojú bù nípa wíwo àwọn tó yí i ká. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló ń tú àṣírí èyí jù. Ẹ wo bátànì Ìbàdàndùn, níbi tí òpó Mápó àti ṣíbí ti tò síra wọn. Ìlà tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún fà ni, ó sì tín-ín-rín. Níbi tí funfun ti pàdé aró, bóyá pixel kan tàbí méjì péré ló dá wọn láàrin nínú fọ́tò. Lẹ́yìn tí ẹ bá fẹ̀ ẹ́, á di mẹ́rin sí mẹ́jọ, gbogbo wọn á sì rí bíi búlúù tó ti ṣá, bí ìgbà tí aró bá yọ́ wọ abẹ́ ẹ̀kọ. Àwọn tótòtó kéékèèké á lẹ̀ mọ́ra wọn. Bí fọ́tò náà bá tún gba WhatsApp kọjá bíi fọ́tò lásán, ìdọ̀tí JPEG tó wà létí ìlà á fẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi Document. Sharpen, àṣẹ tí wọ́n fi ń mú etí àwòrán mú, kì í tún un ṣe. Òrùka funfun ló máa ń fi yí ìlà ká.

Kí ẹ tó fa ìlà àkọ́kọ́ ló yẹ kí ẹ ṣírò. Bátànì tó máa tún ara rẹ̀ ṣe lórí aṣọ ní íǹṣì méjìlá méjìlá nílò pixel 1800 bó bá jẹ́ 150 dpi, 3600 bó bá jẹ́ 300. Flex ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 4 tí wọ́n máa gbé kọ́ sókè kò nílò ju 72 lọ, ìyẹn 5184 sí 3456. Ní 300, pixel mílíọ̀nù 311 ni, ẹ̀rọ yín á kàn máa kérora ni, nítorí kò sẹ́ni tó ń fimú kan flex kó tó kà á.

Fún aró àti funfun lásán, Inkscape ló dáa jù, ètò tó ń sọ fọ́tò di vector, ìyẹn ìlà tí kì í fọ́ bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́. Ẹ yan fọ́tò, ẹ lọ sí Path, Trace Bitmap, ẹ lo Brightness cutoff, kí ẹ máa sún Threshold (ààlà láàrin funfun àti dúdú) díẹ̀díẹ̀ títí ìlà tín-ín-rín kò fi ní já. Lórí fọ́tò gan-an ni àwòrán vector tuntun máa jókòó sí, ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ pa fọ́tò rẹ́. Ẹ má sáré tẹ Simplify, ó máa ń sọ igun di róbótó. Tótòtó tó ti lẹ̀ mọ́ra nínú fọ́tò kò ní là níbí o. Ẹ fọwọ́ tún un yà.

Ibì kan wà tí 300 ti wúlò lóòótọ́: òjìji àti blur (ohun tó ń mú etí àwòrán ṣe bàìbàì) nínú Illustrator, ètò mìíràn tó ń fi vector yàwòrán. Pixel ni wọ́n, bí ìlà yòókù tiẹ̀ jẹ́ vector. Ẹ wo Effect, Document Raster Effects Settings. Bó bá wà ní 72, òjìji á tẹ̀ jáde bí àtẹ̀gùn. Ẹ gbé e sí 300 láti ìbẹ̀rẹ̀, torí bí ẹ bá yí i lẹ́yìn iṣẹ́, àwọn effect kan á yí ìrísí padà. Nínú GIMP, pixel náà ni wọ́n fi ń wọn Gaussian Blur: 6 tó dáa lórí àwòrán 1080 gbọ́dọ̀ di 25 lórí 4500 kó tó rí bákan náà.