Ta ló ń káàánú abo?

Lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́ síbí pé mo ti gbé akọ ológbò mi lọ, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, àwọn ọkùnrin ló kọ́kọ́ bò mí. Ọ̀kan ní mo ti sọ ọmọ ọlọ́mọ di òkóbó. Òmíràn ní kí n lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tó yá ni mo wá rántí pé kò tíì pẹ́ tí mo sọ níbí kan náà pé wọ́n yọ ilé ọmọ abo ajá mi. Ẹyọ ẹnì kan kò ké. Ó jọ pé kórópọ̀n nìkan ló ní ẹbí tó ń bá a ṣọ̀fọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ajá náà, torí òun gan-an lọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀.

Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò sì bímọ rí. Èmi ni mo kọ̀ kí wọ́n fọwọ́ kàn án láti kékeré. Mo ní kí ni mo fẹ́ la inú rẹ̀ fún, ṣebí kì í jáde, akọ kankan ò sì lè rí i gùn. Ó wá akọ bó ṣe máa ń wá a, ẹ̀jẹ̀ dá, gbogbo rẹ̀ lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo rí i pé omi kì í pẹ́ nínú abọ́ rẹ̀ mọ́. Mo bu sí i, ó lá a gbẹ. Mo tún bu sí i. Lóru, mo ń gbọ́ ahọ́n rẹ̀ nínú abọ́ bí ẹni tó jẹ iyọ̀ sùn. Mo ní ooru ló ń mú un. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, kò jẹun mọ́, ó kàn ń lá ìdí ṣáá, mo sì rí nǹkan pupa ràkọ̀ràkọ̀ lórí aṣọ tó ń sùn lé.

Èmi ti ń bẹ̀rù oyún tí kò lè ní. Ọyún ló wà nínú ilé ọmọ náà.

Pyometra ni àwọn dókítà ẹran ń pè é. Gbogbo ìgbà tí abo ajá bá wá akọ tán, ì báà rí akọ ì báà má rí, họ́mọ̀nù ara rẹ̀ á máa tún ilé ọmọ ṣe bí ẹni pé àlejò ń bọ̀. Ara ògiri rẹ̀ á máa nípọn sí i lọ́dọọdún, tí kòkòrò àrùn bá sì wọbẹ̀, ibùgbé ti délẹ̀ fún un. Ẹnu ilé ọmọ mìíràn tiẹ̀ máa ń pa dé, tí ẹ ò ní rí ohunkóhun níta títí yóò fi bẹ́ sínú. Iṣẹ́ abẹ tí ì bá rọrùn nígbà tó wà lọ́mọdé wá di èyí tí wọ́n ń sáré ṣe fún aláìsàn. Dókítà gbé e hàn mí nínú abọ́ irin: ohun tí kò yẹ kó ju gègé ìkọ̀wé lọ ti nípọn bí ọrùn ọwọ́ mi.

Ti ológbò tún yàtọ̀. Ọmọ oṣù mẹ́rin lè ti máa wá akọ, nígbà tí ẹ ṣì ń fi okùn bá a ṣeré. Oyún rẹ̀ ò ju bí oṣù méjì lọ, ó sì lè gba òmíràn nígbà tí àwọn tó bí ṣì wà lẹ́nu ọmú. Gbogbo wa la mọ ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ náà ń parí sí: inú páálí, létí ọ̀nà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pè mí ní ìkà, mélòó lẹ gbà sílé nínú wọn?

Akọ mi náà kúkú jẹ̀gbádùn. Etí rẹ̀ ti ya níbi ìjà abo, ó sì ń tọ̀ sára aṣọ fèrèsé. Ibi ìjà yẹn ni wọ́n ti ń gé ara wọn jẹ, tí wọ́n sì ń kó FIV ran ara wọn, àrùn tó jọ éèdì ṣùgbọ́n tí kì í ran èèyàn. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá gan-an ló ti ń ké fún oúnjẹ. Kò mọ̀ pé ẹ ń sunkún òun. (Ẹ dín oúnjẹ wọn kù lẹ́yìn náà o, wọ́n ń sanra. Ẹ má sì jẹ́ kó sún mọ́ abo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun tó ti wà nílẹ̀ kì í tán lọ́jọ́ kan.)

Mi ò wá sọ pé kí ẹ sáré kó gbogbo ajá lọ lọ́la. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California ní Davis yẹ àkọsílẹ̀ 759 ajá ńlá tí wọ́n ń pè ní golden retriever wò, wọ́n sì rí i pé ìbàdí àti orúnkún ń yọ àwọn tí wọ́n tẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún kan lẹ́nu ju àwọn tí wọn ò tẹ̀ lọ. Ajá ńlá, ẹ jẹ́ kí eegun rẹ̀ gbó ná. Ajá tí ẹ̀rù ló ń mú un bu èèyàn jẹ, ọ̀dá ò ní wo ẹ̀rù sàn. Ní Norway, òfin ò gbà kí wọ́n kàn tẹ ajá lọ́dàá láìnídìí. Wọ́n ní kí olówó ajá ṣọ́ ajá rẹ̀. Mo gbà fún wọn lórí akọ. Ṣùgbọ́n èmi náà ṣọ́ tèmi fún ọdún mẹ́jọ, kò sí akọ tó wọlé, ọyún wọlé.

Ẹni tó bá ní abo ajá tó ti ń dàgbà, tó ṣì ní ilé ọmọ, kó máa fojú sí abọ́ omi rẹ̀ ní oṣù kan sí méjì lẹ́yìn tó bá wá akọ tán. Èmi ṣì ń wo tiwa láràárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ilé ọmọ kankan nínú rẹ̀ mọ́. Ó kún láàárọ̀ yìí.